Bí A Ṣe Lè Mú Apá Wa Le Láì Ṣe É Léṣe

 

Apá ni a fi ń jẹun. Apá ni a fi ń ro oko. Òun ni a fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí a fi ń fa omi nínú kànga, tí a fi ń gún iyán, tí a fi ń gbé ọmọ. Nísinsìnyí, apá yìí kan náà ni a tún fi ń kọ̀wé. Bí apá ẹnì kan bá ń dùn ún, gbogbo ilé ni yóò mọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa apá lónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa

Ní Issaba, ní agbègbè Pobè, ilẹ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ro. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ náà á lẹ̀ mọ́ ọkọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á le, á sì sán. Ẹni tó bá ń ro irú ilẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wa. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Òun, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe oko. Ní oṣù kejì ọdún kan, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin kan ni ó wà nínú àwòrán náà. Apá rẹ̀ tóbi bí itan. Ọmọkùnrin náà ní: “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí apá mi rí báyìí kí ọdún tó dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe irin gbígbé.”

Mo ti rí irú irin bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. Haltère ni olùkọ́ eré ìdárayá wa ń pè é ní èdè Faransé. Mo dá ọmọkùnrin náà lóhùn pé kò ṣòro. A wá agolo ọ̀dà méjì. A po sìmẹ́ńtì mọ́ yanrìn, a dà á sínú wọn. A fi ọ̀pá irin kan so agolo méjèèjì pọ̀. A dúró títí ó fi gbẹ. Ṣùgbọ́n a kò wọ̀n ọ́n. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi ni mo sì ṣe é.

Ojoojúmọ́ ni ó ń fi ọwọ́ kan gbé irin náà. Bí apá kò bá lè gbé e mọ́, á fi ẹ̀yìn jù ú sókè. Kò sinmi ní ọjọ́ kankan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbọ́ tí nǹkan fà ní ìgúnpá rẹ̀. Irin já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di alẹ́, ìgúnpá náà wú. A wá gbé irin náà sórí ìwọ̀n àwọn tó ń ra àgbàdo. Kìlò 19 ni. Ẹni tí kò gbé irin rí ni mo bá ṣe kìlò 19 fún ọwọ́ kan!

Òṣìṣẹ́ ìlera yẹ apá rẹ̀ wò. Ó ní iṣan náà kò já, ṣùgbọ́n ó ti fà púpọ̀. Ó ní kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ yẹn mú ọkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6.

Ọ̀sẹ̀ 6! Oṣù kẹta ti dé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ àáró. Àwọn ọ̀dọ́ 6 ni wọ́n jọ ń ṣe é. Àwọn 5 yòókù ti bá a ro oko bàbá rẹ̀. Ó jẹ wọ́n ní ọjọ́ 5. Gbèsè àáró kì í ṣe gbèsè tí a ń fi ẹnu lásán san.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Mo rí ìyá rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ náà. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọkọ́ san gbèsè ọmọ rẹ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mo ní: “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọkọ́ yẹn.” Ó ní: “Olùkọ́, ọwọ́ ìwé ni tiyín.” Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ó ti ṣe ọjọ́ 2. Èmi ṣe ọjọ́ 3 tó kù. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó.

Ṣùgbọ́n ìyà ti jẹ ìyá náà ná. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí ní ọjọ́ púpọ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Ọkọ́ yẹn ni ó wá fi kún un. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó jókòó ní kíláàsì, ó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀. Gègé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú un, ó tún bọ́. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá òun ń ta òun bí ìgbà tí oyin bá ta ènìyàn.

Apá ọmọ fara pa nítorí pé ó gbé ohun tó wúwo jù. Apá ìyá ń dùn ún nítorí pé ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà léraléra láì sinmi. A padà lọ bá òṣìṣẹ́ ìlera. Ohun tí a kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àti ohun tí mo ti kà lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kí ni ó wà nínú apá wa?

Ẹ na apá kan síwájú. Ẹ fi ọwọ́ kejì di apá náà mú láàárín èjìká àti ìgúnpá. Ẹ wá ká a kí ọwọ́ súnmọ́ èjìká. Ẹ ó rí i pé ẹran kan ń dìde lábẹ́ ọwọ́ yín. Ẹran yìí ni wọ́n ń pè ní biceps. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni “olórí méjì”, nítorí pé ẹ̀ka méjì ni ó ní ní apá èjìká. Iṣẹ́ 2 ni ó ń ṣe. Ó ń ká ìgúnpá. Ó sì ń yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, bí ti ẹni tó fẹ́ gba owó.

Ẹran mìíràn wà lábẹ́ èyí. Òun náà ń ká ìgúnpá, ibi yòówù kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí. Ẹ̀kẹta wà ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò. Ó bẹ̀rẹ̀ lókè ìgúnpá díẹ̀, ó sì lọ títí dé ìtòsí ọrùn ọwọ́.

Ẹ tún di apá ìsàlẹ̀ mú, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Ẹ máa mi àwọn ìka yín. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n pé nǹkan ń rìn nínú apá? Ọ̀pọ̀ ẹran tó ń jẹ́ kí ìka di nǹkan mú kò sí nínú ìka. Inú apá ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Iṣan gígùn tó dà bí okùn ni wọ́n fi ń fa ìka. Ìdí nìyẹn tí ìgúnpá fi lè máa dun ẹni tó ń di ọkọ́ mú láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Ọwọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgúnpá ni ó ń gba ìyà.

Irin tí a lè ṣe nílé

Irin gbígbé kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ilẹ̀ Gíríìsì, ó ti lé ní 2500 ọdún, àwọn tó ń fi eré fífò díje máa ń di òkúta mú ní ọwọ́ méjèèjì. Láti èdè wọn ni orúkọ haltère ti wá. Bí òkúta bá tó fún wọn, ohun tó wà nílé tó fún àwa náà. Ẹ má ná owó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò:
- Ìgò ike lítà 1 tí omi kún jẹ́ kìlò 1.
- Ìgò ike lítà 1 ààbọ̀ tí omi kún jẹ́ kìlò 1 ààbọ̀. Bí yanrìn gbígbẹ ni ó kún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlò 2 ààbọ̀.
- Bídọ̀n kékeré lítà 5 tí omi kún jẹ́ kìlò 5.

Omi dára ju sìmẹ́ńtì lọ. A lè bu omi kún un, a sì lè dà á dànù. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tó ti gbẹ kò ṣeé dín kù.

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tó bá wa mu? Ẹ gbé e ní ìgbà 10 láì fi ẹ̀yìn jù ú. Bí ìgbà 2 tó kẹ́yìn bá le díẹ̀, ó bá yín mu. Bí ẹ kò bá lè dé ìgbà 8, ó wúwo jù. Bí ẹ bá gbé e ní ìgbà 15 tí kò le rárá, ẹ bu omi díẹ̀ kún un.

Ọ̀nà 5 tí a lè gbà ká apá

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rántí nǹkan 4. Ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ẹ dúró ṣinṣin. Ẹ jẹ́ kí ìgúnpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, kó má lọ síwájú, kó má lọ sẹ́yìn. Ẹ ka ení, èjì bí ẹ bá ń gbé e sókè. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta bí ẹ bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ mí síta bí ẹ bá ń gbé e. Ẹ má ṣe sé èémí, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

1. Àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹ di ìgò mú, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú. Ẹ ká apá títí ìgò yóò fi súnmọ́ èjìká. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Biceps ni èyí ń mú le jù. Òun ni ó ń ràn wá lọ́wọ́ bí a bá fẹ́ gbé abọ́ àgbàdo láti ilẹ̀ wá sí àyà.

2. Bí ẹni mú òòlù. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ara, kí àtàǹpàkò wà lókè. Ẹ ká apá bẹ́ẹ̀ láì yí ọwọ́. Èyí ń mú kí ẹran abẹ́ biceps àti ti ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ó wúlò fún ẹni tó ń fa omi nínú kànga àti ẹni tó ń gbé bídọ̀n.

3. Àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Ẹ di ìgò mú bí ẹ ṣe ń di ọkọ́ mú. Ẹ ká apá, kí ẹ̀yìn ọwọ́ máa wo òkè. Biceps kò lè fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbí. Apá ìsàlẹ̀ ni ó ń gba iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹ má lo ìgò tí ẹ lò ní ọ̀nà kìíní. Ẹ lo ìdajì rẹ̀. Bí ẹ bá gbé kìlò 3 tẹ́lẹ̀, ẹ gbé kìlò 1 ààbọ̀.

4. Ìjókòó. Ẹ jókòó lórí àpótí, kí ẹ ya ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ìgúnpá ti inú itan. Ẹ ká apá, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ẹni tó bá jókòó báyìí kò lè fi ẹ̀yìn ju irin. Bí ọmọkùnrin kíláàsì wa bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, ì bá ti mọ̀ ní ọjọ́ kìíní pé kìlò 19 kì í ṣe ẹgbẹ́ òun.

5. Ọrùn ọwọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ tẹ́ apá ìsàlẹ̀ sórí itan, kí ọwọ́ yọ síwájú orúnkún. Ẹ lo ìgò kékeré. Àtẹ́lẹwọ́ kọ́kọ́ wo òkè: ẹ gbé ọwọ́ nìkan sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, àtẹ́lẹwọ́ wo ilẹ̀: ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà karùn-ún yìí ni ìyá náà fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wo ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì bá ọwọ́ ọ̀tún gbé ìgò sókè. Ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ń ka ení títí dé àrún. Ìgò ààbọ̀ lítà ni ó kọ́kọ́ lò. Sísọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́ yìí ń kọ́ iṣan bí yóò ṣe tún máa gba ẹrù.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí a máa ṣe é?

Ẹ mú ọ̀nà 3 nínú 5 yìí. Ẹ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 10. Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún un ṣe. Ọjọ́ 2 nínú ọ̀sẹ̀ ti tó, kí wọ́n má sì tẹ̀lé ara wọn. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo àgbàlagbà níyànjú pé kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ tó ń mú ẹran ara le ní ọjọ́ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ mọ sí apá nìkan. Ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti àyà ní ìpín tiwọn.

Àgbẹ̀ lè béèrè pé: “Ṣé ọkọ́ kò tó?” Ọkọ́ ń ṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń gbà lo apá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣẹ́ ọkọ́ dín kù, ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Apá á ti gba agbára kí òjò tó dé. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ro oko láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ẹ má tún gbé irin ní alẹ́. Ẹ sùn.

Àwọn àgbà ní: “Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.” Ẹ má fi ju ààbọ̀ lítà omi kún un lẹ́ẹ̀kan. Ẹran ara kì í dàgbà nígbà tí a ń gbé irin. Ìgbà tí a bá sinmi, tí a sì jẹun, ni ó ń dàgbà.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Àwọn kan ní irin gbígbé kì í ṣe ti obìnrin. Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2022, ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin méjì láti Nàìjíríà gba wúrà nínú irin gbígbé. Adijat Adenike Olarinoye wà lára àwọn tí ara wọn kò ju kìlò 55 lọ. Ó gbé kìlò 111 sókè orí rẹ̀. Èyí ju àpò sìmẹ́ńtì 2 lọ! Rafiatu Folashade Lawal gba wúrà láàárín àwọn tí kò ju kìlò 59 lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ìgbaradì ni ó gbé wọn dé ibẹ̀.

Àwa kò ní láti gbé kìlò 111. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń pọn omi, tó ń rin ẹ̀gẹ́, tó tún pọn ọmọ, nílò apá líle bí ọkùnrin. Aboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìlera.

Oúnjẹ dára ju òògùn òjijì lọ

Ẹ̀wà, ẹ̀pà, sọ́yà, ẹja, ẹyin àti wàrà ni ó ń kọ́ ẹran ara. Ẹ̀kọ àti gàrí ń fún wa ní agbára láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn nìkan kò tó. Ẹ fi ẹ̀wà tàbí ẹja kún un.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń ra hóró òògùn lọ́jà kí ara wọn lè tètè tóbi. Irú òògùn bẹ́ẹ̀ lè kàn mú kí omi kó sí ara. Ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó lè fa àtọ̀gbẹ, ó lè sọ egungun di ẹlẹgẹ́. Àwọn mìíràn ń mu tramadol kí wọ́n má baà mọ ìrora lóko. Ìrora ni agogo tí ara fi ń pè wá. Ẹni tó bá pa agogo náà lẹ́nu mọ́, yóò ṣe ara rẹ̀ léṣe láì mọ̀. Tramadol sì máa ń di bárakú. Ní ọdún 2017, ìjọba Benin gbógun ti òògùn ayédèrú ní ọjà Adjégounlè ní Cotonou. Ẹ má ra òògùn lórí àtẹ.

Ìgbà wo ni kí a lọ sí ilé ìwòsàn?

Bí ara bá ro ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a gbé irin, kì í ṣe àìsàn. Yóò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró nílé bí ẹ bá rí èyí:
- Nǹkan dún tàbí fà lójijì nínú apá.
- Apá wú, tàbí ó di dúdú.
- Ẹ kò lè yí àtẹ́lẹwọ́ sókè mọ́.
- Ìka kú, tàbí ọwọ́ kò lágbára láti di nǹkan mú.
- Ìrora kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 ìsinmi.

Bí ìrora bá mú yín ní àyà nígbà tí ẹ ń gbé irin, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn gan-an.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí fi bídọ̀n lítà 5 ṣe é. Omi lítà 1 péré ni ó kọ́kọ́ bù sínú rẹ̀. Ojú tì í díẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Kò dá wọn lóhùn. Nígbà tí òjò kejì dé ní oṣù kẹsàn-án, bídọ̀n náà ti kún. Apá rẹ̀ kò tóbi bí ti inú àwòrán. Ṣùgbọ́n ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ro oko ní gbogbo ọjọ́ àáró, kò sí ẹni tó rán ìyá rẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ́.

Ti ìyá náà pẹ́ díẹ̀. Ó dín ẹ̀gẹ́ rírin kù sí ọjọ́ 2 nínú ọ̀sẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń bá a rin ìyókù. Oṣù kẹrin ni ó tó di gègé mú láì rojú. Ní ọjọ́ náà, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ ti ọkọ rẹ̀, ó kọ ti ọmọ rẹ̀. Ó gbé ìwé náà fún mi. Ó ní: “Olùkọ́, ẹ wò ó bóyá mo ṣì í.” Kò ṣì í.

Irin kìlò 19 yẹn ńkọ́? Ó wà ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì wa. Òun ni a fi ń ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má baà pa á dé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.

Ẹ jẹ́ kí a jíròrò

1. Kí ni àṣìṣe tí olùkọ́ ṣe? Kí ni àṣìṣe ọmọkùnrin náà?
2. Bídọ̀n lítà 5 kan ní omi lítà 3 nínú. Kìlò mélòó ni? Bí a bá fẹ́ lo ìdajì rẹ̀ fún ọ̀nà kẹta, omi mélòó ni a óò fi sílẹ̀?
3. Iṣẹ́ wo ni ó ń dun apá yín jù ní ilé tàbí ní oko? Ta ni ó lè bá yín pín in?